Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí Agara Géèmù Bá Dá Yín

Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí géèmù lóṣù yìí pọ̀, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń tọ́ka sí: géèmù tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú yín, bẹ́ẹ̀ ni tuntun rẹ̀ kò yéé jáde. A mú mẹ́fà nínú wọn. Èyí tó gba àlàyé la fún láyè, èyí tí kò gba àlàyé la dá lóhùn kíákíá.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌBÀDÀN
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Láti orí Assassin's Creed àkọ́kọ́, géèmù àwọn amòòkùn-ṣekú-pani ayé àtijọ́, ni mo ti ń bá ọ̀wọ́ yẹn bọ̀. Nígbà tí mo dé Syndicate, mo pa ẹ̀rọ lágbede méjì, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tó ṣe géèmù náà o, ó kàn sú mi ni. Ṣé ọjọ́ orí ló dé ni, àbí géèmù náà ni kò ládùn mọ́?

ÌDÁHÙN
Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ ká ka iye tí ẹ ti ṣe. Àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kọkànlá 2007. Apá kejì tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá 2009, láti ìgbà náà títí di 2015, kò sì sí ọdún kan tí wọn ò gbé òmíràn jáde: Brotherhood ní 2010, Revelations ní 2011, apá kẹta ní 2012, Black Flag ní 2013. Ní 2014, méjì ló jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá: Rogue fún àwọn tó ṣì ń lo ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, PS3 àti Xbox 360, Unity fún àwọn tó ti ní tuntun, PS4, Xbox One tàbí kọ̀ǹpútà tó lágbára. Syndicate dé ní oṣù Kẹwàá 2015. Mẹ́sàn-án nìyẹn láàárín ọdún mẹ́jọ, a ò sì tíì ka àwọn kéékèèké tó wà fún fóònù àti PS Vita.

Àmọ́ iye nìkan kọ́ ló ń fa agara. Èèyàn lè máa ta ayò fún ogójì ọdún kó má sú u, bẹ́ẹ̀ ihò méjìlá náà ni, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta náà ni. Ẹni tí ẹ jọ jókòó sídìí ọpọ́n ló ń sọ eré di ọ̀tun. Nínú ọ̀wọ́ yìí, ẹ̀rọ ni ọ̀tá yín, iṣẹ́ tó sì ń gbé lé yín lọ́wọ́ kì í yí padà: ẹ gun ilé gíga, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, àwòrán ìlú ṣí, àmì rọ̀jò sórí rẹ̀. Ẹ tọ ọkùnrin kan lẹ́yìn kí ẹ lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó bá bojú wẹ̀yìn tó rí yín, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ìlú ń yí, láti Jerúsálẹ́mù dé Florence, dé Boston, dé Paris, dé Lọ́ńdọ̀nù. Aṣọ náà ń yí. Iṣẹ́ àtàǹpàkò yín nìkan ni kò yí.

Ẹ tún wo ti nǹkan kíkójọ. Àsíá 420 ló fọ́n káàkiri inú àkọ́kọ́; ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ jọ kò gba ohunkóhun nínú ìtàn náà. Apá kejì sọ ọ́ di ìyẹ́ ẹyẹ 100, ẹ̀bùn ibẹ̀ sì jẹ́ aṣọ ìlékè kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti gbé e wọ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ìlú ló máa dá yín mọ̀ bí ọ̀daràn. (Ó yẹ ká rẹ́rìn-ín sí i.) Nígbà tó fi máa di Unity, àpótí wà nínú Paris tí ẹ ò lè ṣí àfi bí ẹ bá lọ fi áàpù orí fóònù ṣiṣẹ́ kan ná. Wọ́n padà yọ ìyẹn kúrò nígbà tí ariwo pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sè é ló fà á. Géèmù tó tóbi báyìí máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́rin. Kí ọ̀kan tó lè máa jáde lọ́dọọdún, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò méjì mẹ́ta kaná lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nídìí tirẹ̀. Àwọn tó wà nídìí ìkòkò kejì kò wá lè dúró gbọ́ bí ọbẹ̀ ìkòkò kìíní ṣe rí lẹ́nu ẹni tó jẹ ẹ́. Ẹjọ́ tí ẹ rò ní oṣù Kọkànlá kò lè dé inú èyí tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀, torí wọ́n ti fi iyọ̀ sí i tipẹ́. Montréal ni wọ́n ti ṣe Unity, Québec ni wọ́n ti ṣe Syndicate, iṣẹ́ Québec sì ti ń lọ ní pẹrẹu kí Unity tó dé ọjà.

Ẹ sì rántí bí Unity ṣe dé. Ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń pòórá, ó ku ẹyinjú àti eyín. Àwọn kan ń já gba inú ilẹ̀ lọ. Àwọn oníròyìn tí wọ́n ti fún ní géèmù náà ṣáájú kò láṣẹ láti sọ̀rọ̀ àfi ìgbà tó ti wà lórí àtẹ fún wákàtí méjìlá. Lọ́jọ́ 26 oṣù yẹn kan náà, Yannis Mallat, ọ̀gá ní Montréal fún Ubisoft, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀wọ́ náà, tọrọ àforíjì. Wọ́n fi àfikún Dead Kings ta gbogbo ẹni tó ra géèmù náà lọ́rẹ, wọ́n sì ní kí àwọn tó ti sanwó Season Pass, ìyẹn owó àsansílẹ̀ fún àfikún, mú géèmù mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Syndicate tó tẹ̀ lé e mọ́ jù ú lọ, ó sì dùn jù ú lọ, síbẹ̀ òun ló san gbèsè náà: ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ Unity ló ṣe àkóbá fún títà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wò ó, èyí tí ẹ jù sílẹ̀ lágbede méjì kì í ṣe èyí tó burú jù nínú wọn. Ó kàn jẹ́ èyí tó bá yín nígbà tí ẹ ti yó ni.

Ní oṣù Kejì 2016 ni wọ́n kéde pé kò ní sí Assassin's Creed tuntun lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ tó ṣe Black Flag ló wà nídìí Origins, èyí tó kàn, wọ́n lò ju ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀, ó sì jáde ní oṣù Kẹwàá 2017. Kì í ṣe ìsinmi nìkan ló tún ọ̀wọ́ náà ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀tá bá fẹ́ gbá yín, ẹ kàn ń dúró dè é ni, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ó kú. Nínú Origins, bí idà yín kò bá gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ lẹ ń gé. Àwòrán ìlú kékeré tó máa ń wà ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n kò sí mọ́. Ẹyẹ idì kan tó ń jẹ́ Senu ni ẹ ó máa rán sókè kó lọ wo ibi tí ẹ̀ṣọ́ wà.

Nítorí náà, ẹ fi Syndicate sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ ò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ bọ́ sórí Origins. Ẹ tẹ̀ lé ìtàn gangan. Bí ìpele yín bá kéré sí ti iṣẹ́ tó kàn, ẹ ṣe iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjì mẹ́ta ní àgbègbè tí ẹ wà, kí ẹ tún padà sórí ìtàn. Àmì ìbéèrè tó kún orí àwòrán ilẹ̀ Íjíbítì yẹn, ẹ má wò ó. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ lọ ṣe géèmù mìíràn tí kò jọ ọ́ rárá fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá to Origins àti méjì tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, Odyssey àti Valhalla, tẹ̀ lé ara wọn, agara mìíràn ló ń wá lọ yẹn, torí ìtàn Valhalla nìkan lè gbà tó ọgọ́ta wákàtí. Mirage tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, tó wà ní Baghdad, kúrú jìnnà sí i. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ tọ́ adùn àtijọ́ wò láìgbé inú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ÌLỌRIN
Wọ́n ní àpọ̀jù ló ń pa géèmù. Kí ló dé tí Call of Duty, géèmù ogun, ń jáde lọ́dọọdún láti 2005 tí kò tíì kú?

ÌDÁHÙN
Nítorí pé èèyàn ẹgbẹ́ yín lẹ ń bá jà níbẹ̀, bíi ti ayò tí a sọ lókè. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta, Infinity Ward, Treyarch àti Sledgehammer, ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kí kálukú lè rí nǹkan bí ọdún mẹ́ta lò. Kò yè bọ́ pátápátá o. Fídíò tí wọ́n fi kéde Infinite Warfare ní 2016 gba àmì ìkórìíra tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta lórí YouTube, torí ogun ojú òfuurufú ti sú àwọn èèyàn; lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sáré padà sí Ogun Àgbáyé Kejì. Bó bá jẹ́ ìjà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ nìkan lẹ fẹ́, Warzone, ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ọ̀fẹ́ láti oṣù Kẹta 2020. Ẹ má sanwó ọdọọdún nítorí ìtàn wákàtí mẹ́fà.

ÌBÉÈRÈ LÁTI AGÉGE
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra PS4 àlòkù, 500GB. Mi ò fọwọ́ kan Assassin's Creed rí. Ẹni tó tà á fún mi ní díìsì wọn rẹpẹtẹ, ó ní kí n mú èyí tó wù mí. Dátà wọ́n, iná kì í dúró. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN
Ẹ má kó gbogbo rẹ̀. Mẹ́ta tó: The Ezio Collection, Black Flag, Origins. The Ezio Collection ní mẹ́ta nínú, apá kejì, Brotherhood àti Revelations. Ẹ ṣe apá kejì tán pátápátá, òun ni ìpìlẹ̀. Ẹ sinmi. Ẹ ṣe Brotherhood. Revelations ni kí ẹ sáré ṣe, ìtàn rẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ kò dùn, kò sì sí ohun tí ẹ pàdánù bí ẹ bá yẹra fún un. Black Flag lè dá dúró láìsí èyíkéyìí tó ṣáájú rẹ̀, torí ọkọ̀ ojú omi ló gbé e. Apá kẹta, Rogue àti Syndicate lè dúró di ìgbà mìíràn. Unity la ò gbà yín níyànjú láti rà, torí ti dátà ni: bó ṣe wà lórí díìsì kọ́ ló ṣeé ṣe, àtúnṣe rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì pọ̀ gan-an. Shadows ti 2025 kò sí fún PS4 rárá, kí ẹnikẹ́ni má tan yín.

Ọ̀rọ̀ ààyè wá kù. 500GB yẹn kì í ṣe tiyín tán. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti mú tirẹ̀, ó ku bíi 400GB. Lọ́nà ti PS4, díìsì kì í ṣe ibi tí géèmù ti ń ṣiṣẹ́, ńṣe ló ń dà gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Origins máa ń gba ohun tó lé ní 40GB láìka àfikún. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni àtúnṣe: bí PS4 bá ti gba àtúnṣe tán, ó máa ń ṣe ẹ̀dà géèmù náà lódindi kó tó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Géèmù tó jẹ́ 45GB lè béèrè pé kí 45GB mìíràn ṣófo, bí àtúnṣe náà ò tilẹ̀ ju 2GB lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ kún kọjá ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Fún dátà, ẹ lọ sí Settings, System, Automatic Downloads, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Application Update Files. Ẹ fi díìsì sínú ẹ̀rọ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà ní pípa. The Ezio Collection àti Black Flag máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àtúnṣe lóòótọ́, ẹ gbé àmì sórí géèmù náà, ẹ tẹ OPTIONS lórí pàádì, kí ẹ mú Check for Update. Ẹ ó rí bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó jẹ́ kó wọlé. Ẹ fi í sí ìgbà tí dátà òru bá wà.

Ti iná: ẹ má fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sínú rest mode, níbi tó ti ń sinmi láìkú tán, ẹ pa á tán. Bí iná bá lọ nígbà tó ń ṣe ẹ̀dà, ó lè gbàgbé ibi tó kó nǹkan sí, kí géèmù máa kọ̀ láti ṣí. Kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Ẹ pa á, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méje títí ẹ ó fi gbọ́ ìró kejì, ẹ fi wáyà USB so pàádì mọ́ ọn, kí ẹ wá mú ìkarùn-ún nínú ohun tó bá tò síwájú yín, Rebuild Database. Kì í pa géèmù rẹ́, kì í pa ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé rẹ́. Ìkẹfà àti ìkeje ni kí ẹ má fọwọ́ kàn o, torí méjèèjì ló máa nu gbogbo ohun tí ẹ kó sínú ẹ̀rọ.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ABẸ́ÒKÚTA
Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, máa ń fẹ́ kí n ra géèmù bọ́ọ̀lù tuntun fún òun ní gbogbo oṣù Kẹsàn-án. Ti èṣí ṣì wà nílẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ìyàtọ̀. Ṣé mo ń ṣe ọmọ náà níkà ni?

ÌDÁHÙN
Rárá o, Màmá. Ẹ ti rí ohun tó yẹ ní rírí. Láti 1993 ni ilé iṣẹ́ EA ti ń gbé géèmù bọ́ọ̀lù FIFA jáde. FIFA 23 ni ìkẹyìn tó jẹ́ orúkọ yẹn, láti 2023 ló ti di EA Sports FC. Ohun tó máa ń yí lọ́dọọdún ni orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ṣí kúrò ní ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, aṣọ wọn, àti àwọn ìyípadà kéékèèké. Kì í ṣe àwa nìkan la sọ bẹ́ẹ̀. Lórí Nintendo Switch, láti FIFA 20 dé FIFA 23, Legacy Edition ni wọ́n ń pè é: orúkọ tuntun, aṣọ tuntun, eré àtijọ́. Konami, tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù PES, tún sọ tiwọn láìfi bò ní 2020: wọ́n pe PES 2021 ní Season Update, wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù.

Kí ẹ tó dá ọmọ lóhùn, ẹ bi í léèrè apá wo ló máa ń ṣe. Bó bá jẹ́ òun àti àbúrò rẹ̀ ló ń figagbága lórí àga, tàbí pé ó ń ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ nínú Career Mode, ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta tó o. Bó bá ní Ultimate Team ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, kò sì parọ́ tó bá ní gbogbo ọ̀rẹ́ òun ti ṣí lọ: káàdì agbábọ́ọ̀lù tó kó jọ lọ́dún kan kì í bá a wọ inú ti ọdún kejì, òfo ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. Wọ́n ń ta àpò káàdì tí ẹni tó rà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Belgium pe irú rẹ̀ ní tẹ́tẹ́ ní 2018, EA sì dáwọ́ títa FIFA Points, owó inú géèmù tí wọ́n fi ń ra àpò náà, dúró níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ dúró di ẹ̀yìn ọdún tuntun. Owó rẹ̀ ti máa ń wálẹ̀ nígbà náà, díìsì àlòkù sì ti máa ń pọ̀ lọ́jà. Ẹ ra díìsì, ẹ má ra ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, torí díìsì ṣeé tà padà. Lórí PlayStation, ẹ wọ Family Management, ẹ fi ọmọ náà sábẹ́ orúkọ tiyín, kí ẹ fi iye tó lè ná lóṣù sí òfo. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó tẹ káàdì báńkì yín sínú ẹ̀rọ.

ÌBÉÈRÈ LÁTI PECKHAM, LỌ́ŃDỌ̀NÙ
Mo rí gìtá oníke ti Guitar Hero, géèmù tí èèyàn ti ń ta gìtá tẹ̀ lé orin, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù. Pọ́n-ùn mẹ́wàá ni wọ́n pè é. Ṣé ó ṣì wúlò? Kí ló sì pa géèmù tí gbogbo ayé ń ṣe nígbà yẹn?

ÌDÁHÙN
Ẹ yí i padà kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ewé, pupa, ìyeyè, búlúù àti ọsàn, gìtá àtijọ́ ni, ó wúlò. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta lókè mẹ́ta nísàlẹ̀, ti Guitar Hero Live ti 2015 ni. Ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti pa á ní oṣù Kejìlá 2018. Orin 42 tó wà lórí díìsì ló ṣẹ́ kù nínú ohun tó lé ní irínwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú ẹ̀rọ tó wà fún. Gìtá PS3 ní ike kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Bí ike yẹn ò bá sí nínú àpò rẹ̀, gìtá náà kò ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ, torí ike mìíràn kì í sábà bá a mu. Ti Wii ní ihò lẹ́yìn tí ẹ ó ki Wii Remote sí. Ti Xbox 360 tó ní wáyà ló rọrùn jù fún kọ̀ǹpútà, ẹ kàn máa kì í bọ ojú USB ni. Èyí tí kò ní wáyà nílò ẹ̀rọ agbàsọ kékeré ti Xbox 360. Ẹ ṣí ilé bátìrì: bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí ìpáta aláwọ̀ ewé, bátìrì ti dà sínú rẹ̀.

Àìsàn tó máa ń ṣe wọ́n jù wà ní ọrùn. Ọrùn irú gìtá tí wọ́n ń pè ní Les Paul ṣeé yọ, irin pẹlẹbẹ kéékèèké ló sì so bọ́tìnnì mọ́ ara. Bí bọ́tìnnì kan tàbí méjì kò bá dáhùn, ẹ yọ ọrùn, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú isopropyl alcohol nu irin ọ̀tún àti ti òsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó tì í padà títí yóò fi dún. Bó bá jẹ́ pátákó tí ẹ fi ń ta okùn ló ń tẹ ẹ̀ẹ̀mejì fún ìtẹ̀ kan, ìyípadà kékeré inú rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ẹni tó mọ ìjó irin lẹ ó gbé e fún. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lo Clone Hero, géèmù tó jọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde, nítorí náà ẹ fi í sí game mode, kí ẹ sì ṣe calibration, tó ń mú ohùn àti àwòrán bá ara mu, kí ẹ tó pe ara yín ní ọ̀dẹ̀.

Ohun tó pa á ò ṣòro. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Apá kẹta rẹ̀, ti 2007, ni géèmù ẹyọ kan àkọ́kọ́ tí Activision, ilé iṣẹ́ tó ń tà á, sọ pé ó pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Nígbà tó di 2009, wọ́n ta Metallica ní oṣù Kẹta, Smash Hits ní oṣù Kẹfà, Guitar Hero 5 ní oṣù Kẹsàn-án, DJ Hero ní oṣù Kẹwàá, Band Hero ní oṣù Kọkànlá, Van Halen ní oṣù Kejìlá, a ò sì ka ti Nintendo DS. Rock Band, tó ń bá a díje, náà ń tà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Smash Hits burú jù lójú tiwa: orin inú àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún kó jọ tà lódindi owó, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ti lè gba orin lẹ́yọ lẹ́yọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti ní gìtá kan nílé kò nílò òmíràn, ilé kò sì gba ìlù oníke méjì. Ní oṣù Kejì 2011, Activision tú ẹ̀ka náà ká. Ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ péré ló wà láàárín ìjáde apá kẹta yẹn àti ìtúká. Pọ́n-ùn mẹ́wàá kò wọ́n bí ike rẹ̀ bá pé.

ÌBÉÈRÈ LÁTI HOUSTON, AMẸ́RÍKÀ
Ẹnìkan sọ fún mi pé Yorùbá kan wà nínú Assassin's Creed. Ọ̀wọ́ yẹn ti sú mi, àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́, mo lè padà. Èwo ni?

ÌDÁHÙN
Òótọ́ ni, kò sì ní gbà ju ìrọ̀lẹ́ méjì lọ lọ́wọ́ yín. Adéwálé ni orúkọ rẹ̀. (Wọ́n kọ ọ́ láìfi àmì sórí "wá", ẹ forí jì wọ́n.) Nínú Black Flag, òun ni igbákejì Edward Kenway, ẹni tí ìtàn náà dá lé, nínú ọkọ̀ Jackdaw: Trinidad ni wọ́n bí i sí, sínú oko ẹrú. Ìtàn tirẹ̀ gangan wà nínú Freedom Cry, tó jáde gẹ́gẹ́ bí àfikún ní oṣù Kejìlá 2013, tí wọ́n sì wá ń dá tà láti oṣù Kejì 2014. Ẹ ò nílò Black Flag kí ẹ tó lè ṣe é. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni.

Ọdún 1735 ló bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ Adéwálé rì, ó gúnlẹ̀ sí Saint-Domingue, ibi tí à ń pè ní Haiti lónìí. Àdá àti ìbọn ẹlẹ́nu gbàgàdà ló ń lò. Iye ẹrú tí ẹ bá dá sílẹ̀ ló ń ṣí ohun ìjà tuntun, nítorí náà iṣẹ́ kíkójọ níbẹ̀ ní ìdí, kì í ṣe àsíá lásán. Bí ẹ bá kọ lu oko ní gbangba, àwọn ẹ̀ṣọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ẹrú. Ẹ fi ara pamọ́ sínú ìrèké, kí ẹ pa ẹni tó lè lu agogo ná. Wọ́n ṣi ọdún díẹ̀ o: ìlú Port-au-Prince tí wọ́n yà síbẹ̀, 1749 ni àwọn Faransé tẹ̀ ẹ́ dó. Èyí tí wọn ò ṣì ni pé àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀; títí dòní, Nago ni wọ́n ń pe ìdílé òrìṣà tí Ògún wà ní Haiti.

Ó wà lórí PS4, ó sì wà lórí kọ̀ǹpútà. Ohun kan ṣoṣo: ẹ ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ kan Rogue. Adéwálé tún yọjú níbẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.